Nọ́ńbà Kan Ṣoṣo Tí Ọkọ Rẹ̀ Mọ̀ Sórí

Láti àná ni fóònù aránṣọ ti pa lọ́lọ́.

Ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lò tẹ́lẹ̀ kì í wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dáadáa. Tí ọkọ rẹ̀, tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ìlú òyìnbó, bá fi fóònù oní-fóònù pè é, ṣe ló máa ń já.

Ló bá lọ sí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn lánàá, ó ní kí wọ́n bá òun gbé nọ́ńbà òun wá sọ́dọ̀ wọn.

"Àǹtí, ẹ ò ṣe kúkú ra síìmù tuntun?" ni ọmọbìnrin tó dá a lóhùn bi í.

"Nọ́ńbà yìí nìkan ni ọkọ mi mọ̀ sórí."

"Kò burú. Tó bá fi máa dọ̀la, á ti wọlé."

Ọ̀la ti dé. Aránṣọ ò lè rán, kò lè jẹun.

Àfi gbìrà tí fóònù dún!

"Olówó orí mi!"

"Ẹ má bínú, Mà, èmi kọ́ ni ọkọ yín," ni ohùn àjèjì kan wí. "Èmi ni mo yá a ní fóònù létí òkun níbí. Ó pè yín títí lánàá, kò wọlé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún un!"

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ọkọ̀ rọ́bà wọn ti wọ agbami láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rù ń bà á, Mà. Ó ní tí ẹ bá ti lè sọ pé kí òun máa bọ̀ nílé, òun ò ní wọ̀ ọ́."