Orúkọ Erin Ló Ṣáájú

Ẹ gbọ́ àlọ́ mi o! Kò balẹ̀ síbòmíràn, orí Òkété ló já lé.

Ọ̀dá dá nílùú àwọn ẹranko. Òkété, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan, fi oṣù mẹ́ta gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi rí omi. Ó kọ ìwádìí náà sínú ìwé, ó gbé e lọ bá Erin, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ńlá.

Erin ní, "Ta ló fẹ́ ka ìwé òkété? Jẹ́ ká jọ ṣe é. Kọ orúkọ mi ṣáájú."

Ẹfọ̀n ní òun ló yá Òkété lọ́kọ́, ó kọ orúkọ tirẹ̀ náà. Ìgalà kàn ń kọjá lọ ni, òun náà kọ tiẹ̀. Òkété bá di ìkẹyìn.

Kìnnìún ọba ka ìwé náà, inú rẹ̀ dùn. "Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ni kó wọ ihò, kó bu omi wá."

Erin ki orí bọ ihò, orí há. Wọ́n dì mọ́ ọn nírù, wọ́n ń fà á:

Ta ló láun gbẹ́ ẹ?
Gbìnrìn!
Erin ló láun gbẹ́ ẹ.
Gbìnrìn!
Ta ni ò mọnú ẹ̀?
Gbìnrìn!
Erin ni ò mọnú ẹ̀.
Gbìnrìn!

Bí orí ṣe yọ, Erin ní, "Kábíyèsí, wọ́n ṣì í kọ ni. Èmi ni ìkẹyìn." Ẹfọ̀n ní irọ́ ni, òun ni ìkẹyìn. Ìgalà ní òun ò tilẹ̀ mọ̀wé.

Ibi tí wọ́n ti ń jà ni Òkété ti gba ẹ̀yìn wọn wọlé, ó sì gbé kèrègbè omi jáde fún ọba.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí ẹ bá rí irọ́ nínú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ Erin ṣáájú tèmi.