Sípíkà Ilẹ̀kùn Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Kòkúmọ́ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu níwájú ṣọ́ọ̀bù Bánjí rìwáyà, l'Áyétòrò.

"Ẹ̀gbọ́n, sípíkà tuntun tí ẹ fi sí i yìí ò tiẹ̀ ròkè tó ti àtijọ́!"

"Ámúpù tó ń gbé ohùn sókè, tó bá mọ́tò yẹn wá, ni kò bá a mu. Jẹ́ kó di ọ̀la."

"Kò sí ọ̀la! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ wá nǹkan ṣe sí i."

Bánjí rẹ́rìn-ín. "Àríyá wo ló le tó báyìí?"

Kòkúmọ́ tẹ fóònù.

Ohùn bàbá rẹ̀ tí wọ́n sin léṣìí ló jáde: "Àpèkẹ́, máa bọ̀ nílé o."

Láti àná ni màmá rẹ̀, tí kò dá ọmọ mọ̀ mọ́, ti wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ, wọn ò sì tíì rí i.

Ohùn ọkọ rẹ̀ nìkan ni ìyá náà ṣì máa ń dá lóhùn.