Kèrègbè Tí Àlejò Gbé Wá

Gbogbo ìlú ló ní kí n má kọ́ gbọ̀ngàn àríyá sínú oko ọ̀pẹ bàbá mi, wọ́n ní ilẹ̀ iwin ni. Mo kọ́ ọ. Ẹmu wa dùn, àwọn èèyàn ń ti Ìbàdàn wá mu ún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo èrò ti lọ, mo ń gbọ́ ìró igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Adẹ́mu wa sì ti lọ sílé.

Ìró náà dákẹ́. Ọkùnrin kan gbé kèrègbè ẹmu wá bá mi. Ó ń rìn lórí ewé gbígbẹ, ewé ò dún.

"Ẹ kú ilé, ìyá. Ẹ gba ẹmu yìí, kí ẹ sì kó kúrò lórí ilẹ̀ wa."

"Bàbá mi ló gbin ọ̀pẹ wọ̀nyí. Níbí, ẹni tó bá gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ mu ún. Mu ún."

Ó gbé e mu. Mo gbọ́ tí ẹmu ń kán tó, tó, tó sórí ewé lábẹ́ rẹ̀.

N kò dìde. "O ò tíì mu ún," ni mo wí. "Tún un mu."

Ó gbé kèrègbè rẹ̀, ó sì padà sídìí ọ̀pẹ. Mo tan gbogbo iná gbọ̀ngàn mi, mo jókòó, mo ń gbọ́ igbà náà bó ṣe ń dún lọ sókè, títí tó fi ga ju ọ̀pẹ lọ.