Mú Mi Dé Ọ̀dọ̀ Àdìó

"Ìyàwó, má dúró síbẹ̀, máa lọ," ni télọ̀ náà wí sínú fóònù. Bátìrì ti fẹ́ẹ́ tán, kò sì síná ní Mowe láti àná.

Lórí fídíò, Jésùlayọ̀mi, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ń fi ìlú kékeré tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé hàn án. Ó fi ilé búrẹ́dì hàn án, ó sì fi àwọn àgbà tó ń ju bọ́ọ̀lù irin lábẹ́ igi hàn án.

"Arúgbó ń ṣeré ọmọdé! Wọn ò níṣẹ́ ni?"

"Ẹ̀yin náà ṣáà ń ta ayò, Bàbá. Àwọn lọkọ mi máa ń bá ṣeré."

"Mo ní kó o mú mi dé ọ̀dọ̀ Àdìó ọmọ mi."

Jésùlayọ̀mi kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣí géètì kan, ó sì dúró.

"A ti dé, Bàbá. Ṣé kí n yí fóònù síbẹ̀?"

"Má yí i! Bàbá kì í fojú kan sàréè ọmọ." Ó dojú fóònù tirẹ̀ dé orí aṣọ tó ń rán. "Ṣé wọ́n ń ro koríko ibẹ̀?"

"Wọ́n ń ro ó, sà."

"Bá mi kí i."

Ó tẹ́tí sílẹ̀. Lábẹ́ fóònù náà, ó gbọ́ ohùn Jésùlayọ̀mi:

"Olówó orí mi, Bàbá ní kí n kí yín o."