Ọwọ́ Tí Kò Dúró De Ohùn

Àléébù kan ṣoṣo ni Usamah ní, òun náà ló sì ṣe é ní jàǹbá: bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù, kì í gbọ́ ohùn ẹlòmíràn mọ́.

Kí n tó sọ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọlábọ̀dé, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní Ẹdẹ, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Sàbó, ìyá arúgbó kan lè ṣàdédé dá orin láti ìjókòó ẹ̀yìn, kó sì dá a ní ohùn tó bá wù ú. Ọlábọ̀dé á tẹ́tí. Á fi ìka kan wá ohùn ìyá náà kiri jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá bàtà nínú òkùnkùn. Bó bá ti rí i, ọwọ́ òsì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá orin náà rìn bí ẹni tó ń sin àgbà lọ sílé. Bí ìyá bá dúró mí, òun náà á dúró. Bí ìyá bá gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, Ọlábọ̀dé á rọra máa tẹ ibi kan náà yí po títí tí yóò fi rántí, ẹnikẹ́ni ò sì ní fura. Bí ìsìn bá parí, ìyá ni gbogbo èèyàn ń kí pé, "Ẹ kú orin o." Wọn kì í sábà rántí kí Ọlábọ̀dé. Síbẹ̀, inú rẹ̀ á máa dùn.

Ẹ̀bùn Usamah ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìka rẹ̀ ń dún bí òjò lórí páànù tuntun. Orin tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ti di tirẹ̀. Á mú kí kíbọ́ọ̀dù fọn bíi fèrè, á mú kó ké bí ẹyẹ. Lọ́jọ́ tó gbòmìnira, Ọlábọ̀dé sọ fún un pé, "Usamah, ọwọ́ rẹ yá. Ṣùgbọ́n etí ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ni ọwọ́ ń jẹ́."

Usamah rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí etí àwọn èèyàn náà gbọ́ mi."

Alájà Kúlúsúmù, olórin wákà ládùúgbò wọn, gbà á sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń pè wọ́n láti ìlú Ara títí dé Ìwó. Àwọn ọ̀dọ́ á rọ̀gbà yí Usamah ká láti wo ìka rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Idán. Bí orúkọ yìí ti ń tàn ni ariwo rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ibi tó yẹ kí àwọn elégbè ti gbè, òun ni yóò gbà á mọ́ wọn lẹ́nu. Bí Alájà bá nawọ́ sókè pé kó rọra, kò ní gbójú sókè.

Labeebah, ọ̀kan nínú àwọn elégbè, bi í pé, "Usamah, ṣé o fẹ́ máa bá wa gbè ni? Wá gba híjáàbù kan kó o tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Usamah náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún fi kún un. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Nígbà ọyẹ́, ikọ́ mú Alájà. Àsìkò náà ni wòlímọ̀ Ibtisam, ọmọ-ọmọ rẹ̀, bọ́ sí. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń kọ́ álífà ni Alájà ti ṣèlérí pé lọ́jọ́ tó bá parí Àlùkùránì, òun fúnra òun lòun máa fi orin ṣàdúà fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pe Usamah.

"Ọmọ mi, ọyẹ́ ti bá ọ̀fun mi jà. Bá mi sọ orin náà kalẹ̀. Bó o bá sì rí ọwọ́ mi, dúró dè mí."

"Alájà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí èmi ni."

Mo gbà pé òótọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò kún agboolé, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé, "Ọlọ́wọ́-Idán, gbé e lọ sókè!", orí rẹ̀ wú. Ó tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé orin sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Alájà nawọ́. Usamah kò rí i, torí àwọn fóònù tí wọ́n fi ń ká a sílẹ̀ ló ń wò. Alájà na ọrùn tẹ̀ lé orin náà. Ibi tó ti fẹ́ dárúkọ Ibtisam gan-an ni ohùn rẹ̀ ti já. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Ibtisam, nínú aṣọ funfun rẹ̀, bú sẹ́kún.

Alájà gbé máìkì kalẹ̀. "Usamah, gbogbo ayé ti gbọ́ ẹ. Ṣé wàá jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ mi?"

Ó lọ jókòó ti Ibtisam, ó sì tún orin náà dá nísàlẹ̀ níbi tí ọ̀fun rẹ̀ gbà. Labeebah àti àwọn elégbè ń pàtẹ́wọ́ sí i. Usamah fẹ́ bá wọn dà á pọ̀. Ó tẹ ibí, kò bá a mu. Ó tẹ ọ̀hún, kò bá a mu. Àwọn olórin ló máa ń fi ohùn wá a kiri tẹ́lẹ̀, òun kò wá ohùn ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó ń tẹ̀ wá dà bí òkúta nínú ìrẹsì.

Bàbá Ibtisam sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa nǹkan yẹn."

Wọ́n fa wáyà rẹ̀ yọ. Alájà ṣàdúà náà parí, gbogbo agboolé sì ṣe àmín.

Láti ọjọ́ náà, Ọlábọ̀dé ló ń bá Alájà tẹ kíbọ́ọ̀dù. Àwọn olórin yòókù gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sí èyí tó pe Usamah. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Oríta Sekona ló wà báyìí, lẹ́yìn ọkọ̀ alágbo kan, tó ń fi orin pe èrò. Mo dúró gbọ́ ọ níbẹ̀. Ọwọ́ náà ṣì dùn, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ ní Ẹdẹ. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá ti péjọ, alágbo á nawọ́ sókè: "Dákẹ́ ná, jẹ́ n sọ ti jẹ̀díjẹ̀dí." Kíá ni Usamah ń gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ọwọ́ tí kò dúró de Alájà ń dúró de alágbo.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún lẹ́bùn, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí: ẹni tí a pè pé kó wá gbé ohùn ẹlòmíràn ró kò gbọdọ̀ fi ariwo tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọwọ́ yíyá dára, ṣùgbọ́n etí tó ń gbọ́ ẹnì kejì ló ń sọ ọ́ di iyì. Ẹ jẹ́ ká fi ti Ọlábọ̀dé kọ́gbọ́n, ẹni tí a kì í rántí kí, àmọ́ tí orin kì í dùn tó bí kò bá sí níbẹ̀.