Èèwọ̀ Bàbá Lórí Pápá

Adájọ́ fọn fèrè, ó nawọ́ sí ojú pẹ́nátì. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò Boni ló ni ín. Ẹgbẹ́ àdúgbò Plateau ti gbá ẹyọ kan sáwọ̀n, ìṣẹ́jú kan péré ló sì kù.

Lójú ẹsẹ̀, aránṣọ kan láàárín àwọn òǹwòran kẹ̀yìn sí pápá. Plateau ló ń gbé, ibẹ̀ làwọn oníbàárà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n Boni ni bàbá rẹ̀ ń tì lẹ́yìn títí ó fi kú. Ẹ̀wù bàbá náà ló wọ̀ yẹn, ó ti tún apá rẹ̀ rán lẹ́ẹ̀mẹta.

"Aránṣọ, kọjú síbí!" Moustapha, aládùúgbò rẹ̀, pariwo. "Wọ́n ti fẹ́ gbá a!"

"Èèwọ̀ ni! Bàbá mi ò wo pẹ́nátì rí. Ó ní tí òun bá wò ó, Boni á gbá a dànù."

Lẹ́bàá ògiri, ìyá rẹ̀ jókòó ti àtẹ ẹ̀pà tó ti ń gbé wá síbẹ̀ láti ìgbà ọmọge. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín báyìí."

"Èèwọ̀ wo? Plateau ni bàbá ẹ ń ṣe kó tó mọ̀ mí. Ìhà Boni ni mo ti ń ta ẹ̀pà, ló bá wá ń jókòó síbí." Ìyá fọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀. "Bó bá kẹ̀yìn sí pápá, ojú mi ló ń wò."

Fèrè dún. Ariwo ńlá sọ lẹ́yìn aránṣọ náà, kò mọ ìhà tó ti wá.

Kò yíjú. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò.