Ẹni Tí Ilẹ̀kùn Kà

Ní alẹ́ mẹ́ta léraléra, ilẹ̀kùn ilé ìkàwé kọ̀, kò tì. Ohun tó ń kọ jáde ni pé ó ṣì ku ẹnì kan nínú ilé. Bàbá Ládèjọbí tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wá gbogbo yàrá, kò rí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní tó bá tún ṣí sílẹ̀ mọ́jú, kó máa lọ sílé rẹ̀. Ó bá pè mí, torí èmi ni mo ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń tì í.

Mo jókòó síta pẹ̀lú rẹ̀, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi. Ètò mìíràn ló ń ka èèyàn: ẹni bá wọlé, á fi oókan kún un, ẹni bá jáde, á yọ oókan. Á wá fi iye tó kù ránṣẹ́ sí ètò tèmi bíi lẹ́tà. Tó bá ti di òdo, ilẹ̀kùn á tì. Àmọ́ tèmi ń ju àmì tó bá wà níwájú nọ́ńbà nù. Mo tún un ṣe. Iye tòótọ́ jáde: -1, kì í ṣe 1.

"Kí ni ìlà kékeré yẹn, ọmọ mi?"

"Ó ní ẹnì kan jáde tí kò wọlé, Bàbá."

Bàbá gbójú sókè wo àwòrán màmá olóògbé tó dá ilé ìkàwé náà sílẹ̀, èyí tó wà lókè ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí, kò bà mí. Ó kàn rẹ̀ mí ni.

Atẹ́gùn tútù kan rọra gba àárín wa kọjá. Bàbá ṣí fìlà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

Mo wo ẹnu ọ̀nà, n ò rí ẹnikẹ́ni. Mo wo kọ̀ǹpútà. Ó ti di 0.

Ilẹ̀kùn tì wẹ́rẹ́.